Ọjọ́ Tí Wọ́n Fi Okùn Sọ Ìyá Fenna Kalẹ̀ ní Ilé Àkọ̀

Ẹ súnmọ́ mi, ẹ fún ara yín láyè, ẹ jẹ́ kí orúnkún kan orúnkún. Ẹni tí ikọ́ bá ń yọ lẹ́nu, kó wú u tán báyìí. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà lẹ́yìn, ẹ bọ́ síwájú, nítorí láti òkè ni ìtàn yìí ti ń sọ̀ kalẹ̀ bọ̀, mi ò sì fẹ́ kó já lé ẹnikẹ́ni lórí.

Ní Amsterdam ni, létí odò tí àwọn baba wa fi ṣọ́bìrì gbẹ́, lọ́dún tí òjò kọ̀ tí kò rọ̀. Ìyá Fenna ló ni ìtàn náà. Opó ni, ó ti dàgbà, ìbàdí rẹ̀ kan ti ṣẹ́ rí, kò sì jinná dáadáa. Òun nìkan ló ń gbé òkè kẹta ilé tí gbogbo ayé ń pè ní Ilé Àkọ̀. Òkúta kan wà lára ògiri iwájú ilé náà, lókè ẹnu ọ̀nà, tí wọ́n gbẹ́ ẹyẹ àkọ̀ sí, ẹyẹ náà dúró lórí àgbá kànáfùrù, ó na ọrùn bí ẹni tó ń retí àlejò. Láyé tí ilé kò tíì ní nọ́ńbà, òkúta bẹ́ẹ̀ ni wọ́n fi ń júwe ọ̀nà fún èèyàn. Wọ́n á ní kó o lọ tààrà, bó o bá ti rí àkọ̀, ilẹ̀kùn kejì ni.

Oníṣòwò kànáfùrù ló kọ́ ọ. Ìjọba ìgbà náà ń gba owó orí lórí ìbú iwájú ilé, bàbá náà sì láwun. Ó ṣe iwájú ilé rẹ̀ tín-ín-rín, ó wá tì í lọ sẹ́yìn gbọọrọ, ó sì gbé e lọ sókè fíofío. Àtẹ̀gùn inú rẹ̀ dúró ṣánṣán bí àkàbà, ó yí bí ìwo àgbò, okùn ni èèyàn ń dì mú gùn ún. Kò sí àpótí aṣọ tó lè gba ibẹ̀ kọjá. Nítorí náà, lókè pátápátá, lábẹ́ ṣóńṣó orí ilé, wọ́n yọ igi ńlá kan síta, wọ́n fi ìkọ́ àti púlì sí i, ojú fèrèsé ni gbogbo ẹrù ń gbà wọlé. Kí ẹrù má bàa máa gbá ògiri, wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ kọ́ iwájú ilé kó tẹ̀ síwájú díẹ̀. Gbogbo ilé etí odò wa ló tẹ̀ bẹ́ẹ̀. Nígbà tí mo wà lọ́mọdé, a máa ń kọ ọ́ lórin:

Ilé mi tín-ín, ilé mi ga,
Ó fi èjìká kan èjìká,
Ó tẹ orí síwájú díẹ̀
Bí ẹni ń wo ojú ara rẹ̀ lómi.

Ṣùgbọ́n abẹ́ rẹ̀ ńkọ́? Ẹrẹ̀ ni. Ilẹ̀ ìlú wa rọ̀ débi pé bí èèyàn bá kọ́lé sí i bẹ́ẹ̀, ilé á kàn máa rì lọ ni. Wọ́n ní láti kọ́kọ́ ri igi sínú ẹrẹ̀, igi gígùn láti ilẹ̀ òtútù, títí ẹsẹ̀ igi á fi kan iyanrìn líle nísàlẹ̀. Ọ̀pọ̀ ọkùnrin ló ń fi okùn fa irin wúwo sókè, tí wọ́n ń jù ú lé igi lórí, ẹnì kan á máa dá orin, àwọn yòókù á máa gbè é:

Ta ló ń lọ sísàlẹ̀?
Igi ni, igi ni.
Kí ló fẹ́ lọ ṣe níbẹ̀?
Ó fẹ́ lọ ru ilé.
Ẹ sọ fún un kó má padà.
Kò ní padà, ó ti délé.

Igi tí omi bá bò mọ́lẹ̀ kì í jẹrà. Afẹ́fẹ́ ló ń pa á. Lọ́dún ọ̀dá yẹn, omi inú ilẹ̀ fà sẹ́yìn lábẹ́ yàrá ẹ̀yìn Ilé Àkọ̀, orí igi yọ síta, ó gba afẹ́fẹ́, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kẹ̀ bí eyín. Ẹ̀yìn ilé sì bẹ̀rẹ̀ sí í rì.

Kọfí ló kọ́kọ́ sọ fún Ìyá Fenna. Ó gbé ife sórí tábìlì, ó rí i pé kọfí ga lápá kan, ó rẹlẹ̀ lápá kejì. Ó yí ife padà, kọfí kọ̀, ẹ̀yìn ilé ló ń wò. Lẹ́yìn náà ilẹ̀kùn kò padé mọ́. Lẹ́yìn náà ògiri là, ìka lè wọ̀ ọ́, nígbà tó pẹ́ díẹ̀ ọwọ́ wọ̀ ọ́. Ó fi aṣọ dí i, ó bá a sọ̀rọ̀ bí ẹní ń rẹ ọmọ lẹ́kún, ògiri kò gbọ́. Níkẹyìn àtẹ̀gùn já kúrò lára ògiri, ó wá ń mì bí ẹ̀ka igi. Àwọn tó háyà yàrá nísàlẹ̀ di ẹrù wọn, wọ́n lọ. Ìyá Fenna kò lè lọ. Ìbàdí rẹ̀ kò gbé e, kò sì sí ọkùnrin tó lè gbé obìnrin tó sanra bíi tirẹ̀ sọ àtẹ̀gùn yẹn kalẹ̀ kí àwọn méjèèjì má jábọ́.

Bẹ́ẹ̀ ni àwọn ọkùnrin ìjọba ìlú ṣe dé ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan. Ọ̀rọ̀ méjì ni wọ́n bá wá. Èkínní, kí màmá kúrò níbẹ̀ lónìí. Èkejì, kí ó fọwọ́ sí i pé kí wọ́n tú ilé náà palẹ̀ ní bíríkì kọ̀ọ̀kan, nítorí bó bá fúnra rẹ̀ wó, yóò fa àwọn ilé ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ wó. Ẹnu onílé ni wọ́n fẹ́ gbọ́. Ìyá Fenna ní òun kò ní sọ ọ́. Ó ní wọn ò ní gbọ́ ọ lẹ́nu òun láéláé.

Wessel, ọmọkùnrin rẹ̀ kan ṣoṣo, rọra gun àtẹ̀gùn tó ń mì náà lọ bá a.

"Màmá, wọ́n ní ká kúrò lónìí."

"Ìwọ kúrò. Ìwọ ò kúkú gbé ibí."

"Ẹ̀yin ni wọ́n ń bá wí."

"Ṣé o sọ fún wọn pé inú bẹ́ẹ̀dì inú ògiri yẹn ni wọ́n bí ẹ sí, pé ibẹ̀ ni wọ́n bí bàbá rẹ sí, àti bàbá tó bí i?"

"Mo sọ fún wọn."

"Kí ni wọ́n wí?"

"Wọ́n ní ká má gbàgbé láti gbé bẹ́ẹ̀dì náà dání."

"Wọ́n kọ́ ọ mọ́ ògiri, Wessel. Kí ni wọ́n fẹ́ kí n gbé?"

Ni òun àti ọmọ rẹ̀ bá bú sẹ́rìn-ín, wọ́n rẹ́rìn-ín títí ẹ̀rín náà fi di nǹkan mìíràn, kálukú wá fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú. Ìyá Fenna wo yàrá rẹ̀ yíká. Kò sí ohun tó lè ṣe sí i. Ògiri kò gbọ́ ẹ̀bẹ̀, ìbàdí kò gbọ́, omi tó lọ kò gbọ́. Ohun kan ṣoṣo tó kù lọ́wọ́ rẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀, ó sì di ìyẹn mú.

"Ní tèmi, màá lọ," ni ó wí. "Ṣùgbọ́n mi ò ní sọ pé kí wọ́n wó o."

Krelis ni wọ́n ránṣẹ́ sí. Krelis yìí, òun ni ọ̀gá àwọn tó ń fi okùn sọ dùùrù kalẹ̀ létí odò. Ó gun òkè, ó yẹ ìkọ́ wò, ó ní kò sóhun tó ṣe é. Wọ́n gbé Ìyá Fenna sínú àga onírọ̀gbọ̀kú rẹ̀, wọ́n fi ìgbànú awọ dè é nígbáàyà àti nítan, wọ́n yọ férémù fèrèsé, wọ́n fi okùn kọ́ àga náà. Àwọn ọmọọṣẹ́ Krelis di okùn mú nísàlẹ̀.

Àṣà àwọn tó ń sọ ẹrù kalẹ̀ ni pé kí wọ́n so okùn kejì mọ́ ẹrù, kí ẹnì kan dúró sí títì máa fà á síta, kó má bàa gbá ògiri. Wessel wò yíká, kò rí okùn kejì.

"Ọ̀gá Krelis, okùn kejì ńkọ́?"

"Okùn kejì wo? Láti ìgbà tí irùngbọ̀n mi ti dúdú ni mo ti ń sọ ẹrù kalẹ̀ létí odò yìí. Ilé tó tẹ̀ síwájú, òun fúnra rẹ̀ ló ń ti ẹrù síta. Kí ni mo fẹ́ fi okùn kejì ṣe, kí n fi di ṣòkòtò?"

Àwọn ọmọọṣẹ́ rẹ̀ rẹ́rìn-ín. Kò sí ẹni tó bá a jiyàn. Gbogbo wa la mọ̀ pé ilé wa tẹ̀ síwájú, bí a ṣe mọ̀ pé omi ń bẹ lódò. Kò sí ẹnì kan nínú wa tó rò ó pé ilé tí ẹ̀yìn rẹ̀ rì kò lè tẹ̀ síwájú mọ́.

Wọ́n ti àga síta. Ìyá Fenna di apá àga mú, ó rọ̀ sójú ọ̀run bí aṣọ tí wọ́n sá. Àwọn èèyàn ti kún etí odò méjèèjì. Orin bẹ̀rẹ̀ nísàlẹ̀, ó rọra ń lọ, wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́:

Tú u díẹ̀, má tú u tán,
Ẹyin ni, ẹyin ni.
Tú u díẹ̀, ọwọ́ má yọ̀,
Ìyá wa ni, ìyá wa ni.

Ó kọjá lójú fèrèsé òkè kejì. Yàrá àlejò oníṣòwò kànáfùrù nìyẹn, tí wọ́n kun ojú ọ̀run sí àjà rẹ̀, pẹ̀lú ìkùukùu àti àwọn ẹyẹ kéékèèké. Láti ìgbà ìsìnkú ọkọ rẹ̀ ni Ìyá Fenna kò ti fojú kàn án. Ó ti ń múra láti rẹ́rìn-ín sí i. Àmọ́ ojú ọ̀run náà ti ya sí méjì, ẹfun rẹ̀ ti bọ́, ó bo ilẹ̀. Ọ̀kan nínú àwọn ẹyẹ náà kò ní orí mọ́. Ó fẹ́ sọ pé kí wọ́n dúró díẹ̀, àga ti kọjá.

Ni ẹsẹ̀ àga bá gbá ògiri. Ó tún gbá a. Krelis pariwo pé kí wọ́n rọra, wọ́n rọra, àga tún sún mọ́ ògiri sí i, títí ẹsẹ̀ rẹ̀ fi bọ́ sórí etí òkúta àkọ̀, ó há síbẹ̀ gbọn-in. Àga dàgẹ̀rẹ̀. Ìyá Fenna rí ara rẹ̀ lójúkojú pẹ̀lú ẹyẹ náà, imú òun àti ẹnu ẹyẹ fẹ́rẹ̀ẹ́ kanra.

Wọ́n tú okùn díẹ̀ sí i, àga bẹ̀rẹ̀ sí í dojú dé. Wọ́n yára dá a dúró. Wọ́n fà á sókè, igi orí ilé ké gbìrì, erùpẹ̀ bíríkì rọ̀ lé gbogbo wọn lórí. Wọ́n dá ìyẹn náà dúró. Kò ṣeé fà, kò ṣeé tú. Krelis bọ́ fìlà rẹ̀. Wessel dúró sábẹ́ ìyá rẹ̀, ó na ọwọ́ méjèèjì sókè, bí ẹni tó lè hán an bó bá já bọ́.

Fèrèsé ilé kejì ṣí. Hille ni. Hille àti Fenna jọ dàgbà létí odò yìí ni, wọ́n ti ń bá ara wọn jà láti ìgbà tí wọ́n ti ń bọ́ eyín. Ògiri kan náà ló pín ilé wọn.

"Fenna, ṣé o wá kí mi ni?"

"Mo ń kọjá lọ ni."

"Ọ̀nà tuntun lo gbà yìí."

"Ti àtẹ̀gùn ti bàjẹ́."

"Kò burú. Ó ti tó ọjọ́ mẹ́ta tí mo ti ń rò ó pé o ga jù. O ti wá dọ́gba pẹ̀lú mi báyìí."

"Ti fèrèsé rẹ, Hille. Afẹ́fẹ́ ń wọ ẹnu rẹ."

Àwọn tó wà nísàlẹ̀ rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín ẹni tí ọkàn rẹ̀ ti wà lẹ́nu. Ìyá Fenna yí ojú kúrò lára Hille, nítorí kò fẹ́ kó rí omijé òun. Ibi tí ojú rẹ̀ bọ́ sí ni inú yàrá Hille. Kọ́tìnnì kan wà lára ògiri, níbi tí kò sí fèrèsé.

"Kí nìyẹn lẹ́yìn kọ́tìnnì rẹ?"

"Ògiri ni."

"Ògiri wo ló ń wọ aṣọ?"

"Òtútù ń mú un."

"Hille. Ká kọ́tìnnì yẹn."

Hille kò ká a. Afẹ́fẹ́ ló ká a fún un. Ògiri náà ti là láti òkè dé ìsàlẹ̀, apá ọ̀dọ̀ Fenna ló ń fà lọ, ó lanu gbàgà.

"Ó ń yán ni," ni Hille wí jẹ́jẹ́.

"Láti ìgbà wo?"

"Láti ìgbà tí tìẹ ti ń yán."

"Kí ló dé tó ò sọ fún mi? Gbogbo ìgbà tí mo ń pariwo lókè yẹn pé mi ò ní sọ ọ́, o ń gbọ́ mi."

"Gbogbo àdúgbò ló ń gbọ́ ẹ."

"Kí ló dé tó ò sọ nǹkan kan?"

"Kí n ní kí ni? Pé kí o wó ilé bàbá ọkọ rẹ nítorí ògiri mi? Ṣé kí o wá lè máa fi bú mi títí dọ̀run? O ti ní ohun tó pọ̀ tó tí o fi ń bú mi."

Ìyá Fenna tún wo ògiri tó là náà. Ó rọ̀ síbẹ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì ń fì lórí òfo. Kò lè lọ sókè, kò lè lọ sísàlẹ̀, kò lè na ọwọ́ kó kan ọ̀rẹ́ rẹ̀ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, kò tilẹ̀ lè yí ìdí padà lórí àga. Gbogbo ohun tó lè ṣe ni kó máa mí. Nítorí náà ó ń mí.

Ibi tí wọ́n wà nìyẹn nígbà tí ọkọ̀ ọ̀dùnkún Sietse yọ lábẹ́ afárá. Sietse kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Ó wo òkè, ó wo Krelis, ó ní, "Ilé yẹn ti tẹ̀ sẹ́yìn." Òtítọ́ ni. Gbogbo èèyàn wá wò ó, wọ́n sì rí i.

"Ẹ mú okùn kejì wá," ni Krelis wí. Kò gbé ojú sókè.

Wọ́n so orí kan okùn náà mọ́ ọkọ̀ Sietse. Orí kejì ni wọ́n jù sókè sí Ìyá Fenna, ó bọ́ mọ́ ọn lọ́wọ́. Wọ́n tún jù ú, ó gbá a létí. Ni Hille bá ní kí wọ́n jù ú sọ́dọ̀ òun. Ó hán an, ó so ó mọ́ orí ìgbálẹ̀ rẹ̀ tó ní igi gígùn, ó na ìgbálẹ̀ náà síta títí ìdajì ara rẹ̀ fi wà lójú fèrèsé, ó nà án dé itan Fenna.

"Gbà á. Má ṣe bí ẹni tí kò rí ìgbálẹ̀ rí."

"Èyí tó o fi ń gbá ìdọ̀tí sẹ́nu ọ̀nà mi yìí?"

"Òun náà ni. So ó dáadáa."

Ìyá Fenna so ó mọ́ apá àga, ó tú, ó tún so ó. Sietse fi ọ̀pá ọkọ̀ rẹ̀ ti ilẹ̀ odò, ọkọ̀ rọra kúrò létí, okùn le. Orin tún bẹ̀rẹ̀, gbogbo etí odò ló ń gbè é lọ́tẹ̀ yìí. Àga yọ kúrò lórí òkúta àkọ̀, ó fò síta, Ìyá Fenna pa ojú dé. Nígbà tó là á, orí omi ló wà, lókè, bí ẹyẹ. Wọ́n ń tú u, Sietse ń fà á, títí wọ́n fi gbé e kalẹ̀ sórí òkìtì ọ̀dùnkún nínú ọkọ̀, wẹ́lẹ́.

Wessel fò wọnú ọkọ̀, ó di ẹsẹ̀ ìyá rẹ̀ mú.

Láti ibẹ̀ ni Ìyá Fenna ti rí gbogbo ilé náà, láti ẹnu ọ̀nà dé ìkọ́. Ó ti pẹ́ tó ti rí i bẹ́ẹ̀. Ilé tó mọ̀, tó máa ń tẹ orí síwájú sí omi, ti fi ẹ̀yìn lélẹ̀ bí arúgbó tí oorun mú lórí àga. Ní ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ilé Hille, ilé kékeré tó mọ́ tónítóní, ni ó di mú ní èjìká tó ń fà lọ. Kò sí ìyá tó lè gbé irú ẹrù bẹ́ẹ̀ dìde. Kò sí ọmọ tó lè gbé e.

Ó wò ó pẹ́. Àwọn ọkùnrin ìjọba ìlú dúró létí odò, wọn kò kán an lójú.

"Ẹ tú u," ni ó wí. Ohùn rẹ̀ kéré, Wessel ní láti tún un sọ fún wọn. "Ẹ tú u láti òkè wá. Ẹ má jẹ́ kó fọwọ́ kan ti Hille."

Ó bo ojú. Kò sí ẹni tó ní kó má sunkún. Kí ni wọ́n fẹ́ wí?

Ìgbà tí ó gbé ojú sókè, Hille ti dé létí omi, ó ru ìkòkò ńlá ọbẹ̀ ẹ̀wà tútù, èyí tó ki débi pé ṣíbí dúró ṣánṣán nínú rẹ̀, sọ́séèjì gígé kún inú rẹ̀, búrẹ́dì dúdú wà lábíyá rẹ̀. Ó ní ti ọ̀sẹ̀ kan ni òun sè, ṣùgbọ́n ojú ti òun láti nìkan jẹ ẹ́ lójú gbogbo èèyàn yìí. Ó bọ́ sínú ọkọ̀, ó fi ìdí ti Wessel, ó jókòó ti Fenna.

"Iyọ̀ rẹ̀ pọ̀," ni Fenna wí lẹ́yìn ṣíbí kìíní.

"Omijé rẹ ló kán sí i."

Fenna jẹ ẹ́ tán, ó sì na àwo rẹ̀ pé kó tún bu òmíràn. Krelis jẹ, àwọn ọmọọṣẹ́ rẹ̀ jẹ. Wọ́n fún Sietse ní sọ́séèjì tó tóbi jù, nítorí kò bèèrè. Àwọn ọkùnrin ìjọba ìlú pàápàá bọ́ fìlà, wọ́n jókòó sí etí odò, wọ́n fi búrẹ́dì nu àwo wọn mọ́. Ẹnì kan tún dá orin igi tó ń lọ sísàlẹ̀, wọ́n gbè é pẹ̀lú ẹnu kíkún.

Nígbà tí oòrùn ń rẹlẹ̀, kálukú na ẹ̀yìn, ó fọwọ́ pa ikùn. Krelis àti àwọn tirẹ̀ ká okùn wọn, wọ́n gba ilé lọ. Hille ru ìkòkò òfìfo rẹ̀ wọlé. Sietse ti ọkọ̀ kúrò, ó ń gbé Ìyá Fenna àti Wessel lọ sí ilé Wessel ní ìsàlẹ̀ odò, níbi tí kò sí àtẹ̀gùn kankan. Ìyá Fenna ti yó, ara rẹ̀ móoru, ó fi orí ti èjìká ọmọ rẹ̀, kò sì wo ẹ̀yìn.